Karawun Ìgbín Ọrùn Èjìdé

Ẹ má sọ fún mi pé ọmọdé ni mí. Ó ti tó oṣù méjì tí wọ́n ti ń sọ ọ́ fún mi. Ìyá mi ní Sakẹ́tẹ́ ń sọ ọ́, Aurélie tí a jọ jókòó ní kíláàsì ń sọ ọ́, wọ́n ní mi ò mọ̀ ọ́n mọ̀ ṣe é. Ẹnìtàn ni orúkọ mi, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí, mo sì mọ ohun tí mo ṣe. Mo fọwọ́ ara mi lé ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo tí mo ní lọ.

Èjìdé ni ọ̀rẹ́ náà. Ọmọ Ahoyéyé ni, ọ̀pẹ ni bàbá rẹ̀ ń gùn. Nítorí pé ilé òun àti ilé tèmi jìnnà sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, a jọ gba yàrá kan ní Pobẹ̀, ẹní kan náà la fi ń sùn. Èmi á gbé gàrí bọ̀ láti Sakẹ́tẹ́, òun á gbé epo àti àgbàdo bọ̀ láti oko, a ó sì jọ jẹ ẹ́ nínú abọ́ kan. Mi ò lọ́rẹ̀ẹ́ púpọ̀. Ẹnu mi mú, ẹni tó bá bá mi rìn fún ọjọ́ mẹ́ta á ti bá mi jà. Èjìdé kì í jà. Tí mo bá sọ̀sọkúsọ, á kàn rẹ́rìn-ín, á ní ó tún ti dé. Nígbà tí ibà dá mi dùbúlẹ̀ lọ́dún tó kọjá, ọjọ́ méjì ni kò lọ sílé-ìwé nítorí mi. Inú mi kì í bàjẹ́ kó má mọ̀. Èmi kì í mọ̀ tí tirẹ̀ bá bàjẹ́, nítorí mi ò bèèrè rí.

Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wa, a kò gbọ́dọ̀ sọ Yorùbá, a kò gbọ́dọ̀ sọ Gùn. Faransé nìkan ni. Karawun ìgbín kan wà tí wọ́n dá ihò sí, tí wọ́n ki okùn bọ̀. Síńyáàlì là ń pè é. Ẹni tí Yorùbá bá bọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni wọ́n máa ń fi kọ́ lọ́rùn, kò sì lè bọ́ ọ kúrò àfi tó bá gbọ́ Yorùbá lẹ́nu ẹlòmíràn, kó wá fi kọ́ ìyẹn lọ́rùn. Ẹni tó bá wà lọ́rùn rẹ̀ kì í gbọ́ ẹ̀kọ́ kankan mọ́, ẹnu ènìyàn ló máa ń ṣọ́ kiri. Tí aago bá lù lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀, Mùsíọ̀ Basile tó ń mójú tó wa á kọ orúkọ ẹni tí karawun wà lọ́rùn rẹ̀, onítọ̀hún á sì gbá ilé ìgbẹ́. Ẹni tí wọ́n bá kọ orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ilé ni yóò lọ jókòó fún ọ̀sẹ̀ kan.

Èmi àti Èjìdé ti bá ara wa sọ ọ́ pé láéláé, a kò ní fi kọ́ ara wa lọ́rùn. Òun pa tirẹ̀ mọ́. Ní Jímọ̀ kan tí karawun wà lọ́rùn rẹ̀, mo gbàgbé, mo sọ Yorùbá jáde lójú rẹ̀ bí ẹni tó wà lọ́jà. Ó wò mí, kò ṣe nǹkan kan. Ó gba ọ̀dọ̀ Mùsíọ̀ Basile lọ, ó lọ gbá ilé ìgbẹ́.

Jímọ̀ tèmi dé. Wọ́n ti kọ orúkọ mi lẹ́ẹ̀mejì, karawun sì ti wà lọ́rùn mi láti àná. Ìdánwò tí a fi ń gbára dì fún BEPC, ìdánwò ìjọba, máa bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Mo ti fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kan. Bàbá mi ti sọ pé tí mo bá tún fìdí rẹmi, kí n lọ máa yan gàrí lọ́dọ̀ àbúrò òun. Gbogbo ènìyàn mọ̀, kò sẹ́ni tó la ẹnu lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Èjìdé nìkan ló dúró tì mí lẹ́bàá ọgbà, ó ń fi Faransé rẹ̀ tó ń kọsẹ̀ tù mí nínú. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ló kù kí aago lù.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ògúnṣínà, tó ń fi alùpùpù kó èrò ní Onigbolo, ló dé. Kò pa ẹ́ńjìnì. Ó ní igbà já mọ́ bàbá wọn nídìí láàárọ̀, bàbá ti orí ọ̀pẹ já bọ́, kí Èjìdé máa bọ̀ kíákíá.

Èjìdé di ọgbà mú. "Yé! Bàbá mi o! Bàbá mi!"

Ta ló máa ń fi Faransé pe bàbá rẹ̀ nírú ìgbà bẹ́ẹ̀?

Ì bá wù mí kí n sọ pé ọwọ́ mi ló ṣe é kí n tó mọ̀. Irọ́ ni. Mo rí omijé lójú rẹ̀. Mo sì ro ọjọ́ Ajé. Mo bọ́ karawun náà, mo fi kọ́ ọ lọ́rùn, mo sì sọ fún un ní Faransé pé òun ló kàn. Kò gbọ́n ọn dànù. Ó kàn wò mí bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí, ó gun alùpùpù, wọ́n lọ. Nígbà tí aago lù, Mùsíọ̀ Basile bi mí pé síńyáàlì dà. Mo sọ ibi tó lọ. Ó kọ orúkọ Èjìdé.

Wọ́n ní bẹ́nu bá jẹ, ojú a tì. Ọdún méjì ni mo fi jẹ epo Èjìdé, ojú ò tì mí.

Màmá Victorine, ìyá onílé wa, tó lọ bá wọn sin òkú, ló sọ ìyókù fún mi lọ́jọ́ Àìkú. Bàbá ti kú kí wọ́n tó délé. Èjìdé dojú dé òkú, karawun ń mì lọ́rùn rẹ̀. Àwọn ẹbí rò pé oògùn kan ni wọ́n fún un nílé-ìwé, kò sẹ́ni tó láyà láti fọwọ́ kàn án. Òun náà kò bọ́ ọ. Bó ṣe wà lọ́rùn rẹ̀ nìyẹn títí wọ́n fi sin bàbá.

Mo ṣe ìdánwò, mo yege. Ẹ bá mi yọ̀. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, olùkọ́ Faransé ní ká kọ àròkọ lórí ọ̀rẹ́ tòótọ́, mo gba mẹ́rìndínlógún nínú ogún. Aurélie ní kí n gbàgbé, pé ẹnikẹ́ni ló lè ṣe bẹ́ẹ̀. Èjìdé kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Kí Aurélie pa ẹnu rẹ̀ mọ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá kí n tó láyà láti lọ sí Ahoyéyé. Aṣọ ò bá Ọmọ́yẹ mọ́, mo mọ̀, ṣùgbọ́n mo lọ. Ìyá Èjìdé jókòó sórí ẹní lẹ́yìnkùlé. Mo kúnlẹ̀, mo kí i kú ará fẹ́ra kù. Inú rẹ̀ dùn láti rí mi. Ó ní ojoojúmọ́ ni Èjìdé máa ń dárúkọ mi tẹ́lẹ̀, pé ó ṣeun tí mo wá. Ìgbà náà ló yé mi pé Èjìdé kò sọ fún wọn.

Èjìdé gbé omi jáde fún mi. Ó ti rù. Mi ò gba omi, mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú.

"Èjìdé, jọ̀ọ́. Jọ̀ọ́, dárí jì mí."

Faransé ló fi dá mi lóhùn. Kò pariwo, kò bínú, Faransé rẹ̀ kò tilẹ̀ kọsẹ̀ mọ́. Ó ní òun kò ní padà sí yàrá wa mọ́, kí n wá ẹlòmíràn tí a ó jọ máa gbé. Ó ní ká ní gbogbo kíláàsì ló fi karawun kọ́ òun lọ́rùn lọ́jọ́ yẹn, kì bá tí dun òun, èmi nìkan ni òun kò kà mọ́ wọn. Mo ń bẹ̀ ẹ́ ní Yorùbá, ó ń dá mi lóhùn ní Faransé, títí ọ̀rọ̀ fi tán lẹ́nu mi.

Ìyá rẹ̀ kò gbọ́ Faransé. Ó ń wo ẹnu wa, ó wá bi mí pé, "Ọmọ mi, kí ló ń sọ?"

Mo wo Èjìdé. Ilẹ̀ ló ń wò, ó fi ìdáhùn sílẹ̀ fún mi.

"Ó ní mo kú àbọ̀, ìyá. Ó ní àárò mi sọ òun."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó na ọwọ́, ó mú ọwọ́ mi, ó mú ọwọ́ ọmọ rẹ̀, ó kó méjèèjì pọ̀. Ó ní, "Ẹ jọ máa dàgbà ni. Ẹ kò ní fi ara yín sílẹ̀ lọ́jọ́ ìṣòro."

Ọwọ́ Èjìdé tutù nínú ọwọ́ mi. Ìyá rẹ̀ ń retí ká ṣe àmín. Èmi nìkan ni mo ṣe é.