Ẹfun Delmar

Tẹ́lẹ̀, bí ẹ bá gba ọ̀nà wa ní Áíówà, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, lẹ́yìn ìkórè, ẹ ó rí oko Delmar Haugen. Ilẹ̀ rẹ̀ á dúdú kirimú, á máa dán bíi bàtà ọjọ́ Ìsinmi. Pòròpórò àgbàdo kan kò ní yọrí. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá túlẹ̀ mọ́ báyẹn, ẹni ire ni. Ẹ̀ṣẹ̀ yòókù, Ọlọ́run á wò ó.

Gegele àárín oko náà kì í ṣe tirẹ̀. Màmá Ardith Tvedt, opó, ló fi lé e lọ́wọ́, pé kó tọ́jú rẹ̀.

Nígbà tó yá, ọmọbìnrin kan láti yunifásítì wá tan àwòrán sára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì wa. Sátẹ́láìtì ló yà á láti ojú ọ̀run. Ó ní ibi tó bá funfun lórí òkè, ilẹ̀dú ibẹ̀ ti lọ. Bí a ṣe ń túlẹ̀ tó ló ń ṣí lọ sísàlẹ̀ tó. Gegele Màmá Ardith ti hewú pátápátá.

Gbogbo ojú yí sí Delmar.

"Ẹfun ni," ló wí. "Mo dà á síbẹ̀ kí ilẹ̀ má baà kan, kí àgbàdo lè ṣe dáadáa."

"Ọkọ̀ wo ló gbé e wá?" Orville, aládùúgbò wa, ló béèrè.

"Orville, mu kọfí rẹ," ni Delmar wí.

Màmá Ardith gbé kéèkì wá bá a. "O ṣeun, ọmọ mi. O ò tiẹ̀ sọ fún mi."

Delmar gbé kéèkì náà sílẹ̀, kò fẹnu kàn án.

Lọ́jọ́ Ajé, ó ra ẹfun, ó dà á sórí gegele, kí irọ́ lè di òótọ́. Ẹfun kì í di ilẹ̀dú. Àgbàdo ibẹ̀ kò ga kọjá ìbàdí. Nígbà tí ìkórè parí, ó wa tirakítọ̀ lọ sẹ́nu ọ̀nà Màmá.

"Màmá, kì í ṣe ẹfun. Èmi ni mo tú ilẹ̀ yín dànù. Bí ẹ bá fẹ́ gbé e fún ẹlòmíràn, ẹ̀tọ́ yín ni."

"Mo ti ń wò ó láti fèrèsé kíṣìnnì mi kí wọ́n tó ju nǹkan kan sójú ọ̀run. Kí lo rò pé ó mú mi dúpẹ́ ẹfun lọ́wọ́ rẹ? Kó lè ta ọ́ lára ni."

"Ó ta mí lára, Màmá."

"Ó dáa. Máa dá oko náà lọ. Ṣùgbọ́n má tú u mọ́. Fi pòròpórò sílẹ̀, kó di ilẹ̀ mú."

"Gbogbo ayé á rí i."

"Kí wọ́n rí i."

Láti gegele dé etí títì, pòròpórò ló wà báyìí, wúruwùru. Orville dá ọkọ̀ dúró lánàá, ó ní ṣé ara Delmar ò yá ni tí kò fi túlẹ̀. Mo ní ó ti ń yá díẹ̀díẹ̀. Àmọ́ ọ̀nà ẹ̀yìn ni Delmar ń gbà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.