Ṣọ́ọ̀bù Bàbá Mi Kò Ní Pátákó

Òórùn ọ̀dà tí wọ́n pò mọ́ kẹrosíìnì gbòde níwájú ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ya fọ́tò ní Opebi lónìí, inú sì bí mi bíi ti àtijọ́.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bàbá mi ló ń kọ pátákó fún àwọn oníṣọ́ọ̀bù ní Dopemu, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù tiwọn kò ní pátákó kankan. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọkùnrin kan bi mí pé, "Níbo ni ẹni tó ń kọ pátákó wà?" Kí n tó dáhùn, ó ti rí pátákó kan lódìkejì títì, tí lẹ́tà rẹ̀ rí wọ́gọwọ̀gọ, ó sì sọdá síbẹ̀.

Màmá mi figbe ta. "Bàbá Ṣadé, ẹ ṣáà kọ orúkọ yín sára ògiri! Nínú ọ̀wọ́n gógó SAP tí ìjọba gbé dé yìí, ta ni yóò máa wá yín kiri?"

"Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ á wá mi kàn."

Mo fi ìbínú ki ìka bọ ọ̀dà pupa, mo kọ BÀBÁ MI sára ògiri. Bàbá mi rọra fi àkísà nù ún.

Agídí ni mo pè é nígbà náà, àṣé ojú ló ń ti bàbá mi láti kọ orúkọ ara wọn.

Lónìí, ọkùnrin tó ń kun ògiri mi béèrè pé, "Àǹtí, orúkọ wo ni kí n kọ?"

Ojú ti èmi náà láti dá orúkọ mi, mo ní kó kọ "A Ń Ya Fọ́tò Níbí."