Ẹ̀gẹ́ Akọ̀wé Nínú Yàrá Kékeré

Ọdún tí ìjọba sójà pààrọ̀ àwọ̀ owó mọ́ wa lọ́wọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá ti gbọ́njú nígbà náà yóò rántí bí àwọn sójà ṣe ń fi pàṣán tò wá sí ìlà ní ibùdókọ̀, tí bàbá tó ti ní ọmọ-ọmọ nílé á máa fò sókè bí ọ̀pọ̀lọ́ nítorí pé ó já ìlà. Ilé ọkọ mi ní Ìjẹ̀bú-Òde ni mo wà. Bí mo bá di ojú báyìí, òórùn àgbàlá yẹn ṣì máa ń wá bá mi: omi ẹ̀gẹ́ tó ti kan, tó ń jò láti inú àpò tí a gbé òkúta lé, tó ń ṣàn lọ sí ẹ̀yìn ilé. Àlejò tó bá kọ́kọ́ wọlé á fọwọ́ bo imú. Àwa tí a ń gbé ibẹ̀ kì í gbọ́ ọ mọ́. Òórùn oúnjẹ wa ni.

Gàárì ni mo ń ṣe. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ní Èkó, ìparí oṣù ló ń wálé, gàárì yẹn ló sì ń gbé wa dé ìparí oṣù. Ènìyàn kò lè dá gàárì ṣe kó pọ̀, nítorí náà àwa obìnrin kan ládùúgbò jọ ń ṣe àárò. Lónìí, gbogbo wa á kóra jọ sí àgbàlá tèmi, wọ́n á bá mi bó ẹ̀gẹ́ títí yóò fi tán. Bó bá tún yí, ó di àgbàlá ẹlòmíràn. Òfin kan sì wà nínú àárò wa, ọ̀dọ̀ àwọn ìyá wa la ti bá a: ẹni tó bá rí igi ẹ̀gẹ́ tuntun tó ń ta dáadáa kò gbọdọ̀ dá a gbìn. Ó gbọ́dọ̀ gé lára rẹ̀ fún gbogbo ẹgbẹ́. Ẹni tó bá fi pamọ́, bí ọjọ́ tirẹ̀ bá pé, ó lè jókòó ti òkìtì ẹ̀gẹ́ rẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, a kò ní yà síbẹ̀.

Ọdún náà gan-an ni òfin yìí wá le lára wa, nítorí kòkòrò funfun kan wọ inú oko. Bí ìyẹ̀fun ló rí. Orí ẹ̀gẹ́ ló máa ń bà sí, ewé á ká kò, igi á gbẹ. Bí o bá wú u, isu ìdí rẹ̀ á rí bí ìka ọmọdé. Ibi tí obìnrin méjì bá ti pàdé, ọ̀rọ̀ igi ẹ̀gẹ́ ni.

Àbúrò ọkọ mi kan wà nílé lásìkò yẹn. Ó ti jáde iléèwé olùkọ́ ṣùgbọ́n kò rí iṣẹ́, àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ pàápàá ni ìjọba ń dá padà sílé. Wọ́n ti bí i kí n tó wọlé ọkọ, nítorí náà mi ò lè pe orúkọ rẹ̀. Akọ̀wé ni mò ń pè é. Òun náà ń pè mí ní Ìyàwó, èmi tí mo fọ aṣọ iléèwé rẹ̀ títí tó fi hu irùngbọ̀n. Ó wá bá mi lọ́jọ́ kan pé kí n yọ̀ǹda yàrá kékeré tí mò ń kó àpò gàárì sí lẹ́bàá àgbàlá fún òun, òun fẹ́ fi gbin nǹkan. Mo ní nínú yàrá kẹ̀? Ó ní nínú yàrá.

Igbó, ewé tí wọ́n ń mu bíi sìgá, ló fẹ́ gbìn. Mo ń tètè sọ ọ́ kí ẹ má baà máa retí rẹ̀ bí àlọ́. Igbó, tí wọ́n bá ká a mọ́ ènìyàn lọ́wọ́ lásìkò àwọn sójà, ẹ̀wọ̀n gbọọrọ ni, wọn kì í sì í mú ẹni tó gbìn ín nìkan, wọ́n á mú onílé pẹ̀lú. Onílé wa ni ìyá ọkọ mi, opó arúgbó tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì. Ṣùgbọ́n èmi ò mọ̀. Ohun tí Akọ̀wé sọ fún mi ni pé ẹ̀gẹ́ tuntun ni, ẹ̀gẹ́ àwọn òyìnbó iṣẹ́ ọ̀gbìn, tí kòkòrò funfun kò lè mú. Ó ní hóró rẹ̀ ni wọ́n ń gbìn, wọ́n ṣì ń dán an wò ni, kí n má tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo gbà á gbọ́. Ta ni kò ní gbà á gbọ́ lọ́dún yẹn? Ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ kì í bi omi ní ibi tó ti ń bọ̀.

Ọwọ́ Akọ̀wé kò mọ ọkọ́ rárá. Agolo mílìkì ló kó jọ, ó bu yanrìn sí i, ó fi hóró sí i, ó sì da omi lé e lórí títí ó fi kún dé ẹnu. Gbogbo rẹ̀ jẹrà. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ní, "Akọ̀wé, ṣé ẹ̀gẹ́ lẹ̀ ń gbìn ni àbí ẹja lẹ fẹ́ sìn?" Ojú tì í. Mo bá a fi ìṣó lu ìdí agolo, mo lọ bu ilẹ̀ dúdú lábẹ́ òkìtì èèpo ẹ̀gẹ́ tó ti pẹ́, èyí tí ekòló ti jẹ kúnná. Àwọn tó gbìn lẹ́ẹ̀kejì hù. Ṣùgbọ́n tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n, wọ́n funfun, wọ́n ń tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ọmọ tí wọ́n tì mọ́lé, tó ń na ọrùn sí ojú fèrèsé. Mo ní oòrùn ni wọ́n ń wá. Akọ̀wé gun òrùlé, ó yọ páànù kan, ó fi rọ́bà tó mọ́ gaara dí ojú rẹ̀. Ó tún wá tọrọ dígí tí mo gbé wá sílé ọkọ, ó gbé e kọ́ sára ògiri kí ìmọ́lẹ̀ lè máa bọ́ sára wọn láti ẹ̀gbẹ́.

Ẹ ò lè mọ ohun tí ojú mi rí lẹ́yìn ìyẹn. Mo yan gàárì tán lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo lọ ṣí ilẹ̀kùn yẹn láti bá a wọ́n omi, mo sì dúró lójú kan. Yàrá tó ṣókùnkùn láti ìgbà tí mo ti wọlé náà ti tutù yọ̀yọ̀. Ìmọ́lẹ̀ ń bọ́ láti òkè bí omi tí wọ́n ń rọra dà. Ewé wọn ní ìka bíi ti ẹ̀gẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ìka kọ̀ọ̀kan ní eyín wínníwínní bíi ti ayùn, ó gún régé, kò sí èyí tó ṣì. Mo ronú pé ta ló jókòó gé wọn báyìí. Mo yí agolo kan padà kó kọ ẹ̀yìn sí dígí. Nígbà tí mo fi máa padà débẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ó ti rọra yí ojú rẹ̀ padà fúnra rẹ̀. Oko ni wọ́n bí mi sí. Láti kékeré ni mo ti ń gbin nǹkan, ṣùgbọ́n nínú oko, iṣẹ́ kì í jẹ́ kí ènìyàn wo ohun tó ń hù. Ilẹ̀ yóò gbé e, òjò yóò pa á, ìwọ a lọ. Inú yàrá yẹn ni mo ti kọ́kọ́ rí i pé ohun tó ń hù mọ ohun tó ń wá. Mo máa ń kúnlẹ̀ láàárín wọn láìsí ẹni tó ní kí n kúnlẹ̀. Èmi tí ariwo pọ̀ lẹ́nu mi, n kò ní sọ̀rọ̀. Mo kàn máa ń wò wọ́n pé Ọlọ́run, nínú agolo mílìkì.

Nígbà tí orí wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣù, òórùn dé. Bí èèpo ọsàn, bí ewé efinrin tí a fọwọ́ ra, bí òbúkọ tí òjò pa. Òórùn náà lágbára, ṣùgbọ́n bí o bá ti jáde sí àgbàlá, kíkan omi ẹ̀gẹ́ á bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo tó mọ̀ pé ìdí rẹ̀ nìyẹn tí Akọ̀wé fi yan yàrá mi.

Àárò wá kàn mí. Àwọn obìnrin dé, wọ́n jókòó yí òkìtì ká, ọ̀bẹ ń dún. Èyí tó dàgbà jù nínú wa ni ìyá kan láti Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, tí ẹsẹ̀ ń dùn. Èyí tó kéré jù ni ìyàwó ọlọ́pàá kan, ọmọ Odogbolu, kò tíì pẹ́ tó wọ àárò wa. Wọ́n ń fi ẹ̀gẹ́ mi ṣe yẹ̀yẹ́ bí wọ́n ti ń bó o. Ọ̀kan gbé isu kékeré kan sókè, ó bi mí bóyá ẹ̀gẹ́ ni àbí ìka ọwọ́ mi ni mo gé sínú agbọ̀n. Wọ́n rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà wọ́n tẹjú mọ́ ọ̀bẹ wọn, nítorí kò sí ẹni tí tirẹ̀ sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyàwó ọlọ́pàá sọ pé òun ti wú oko òun tán, òun kò rí ohun tí òun yóò kó wá nígbà tí àárò bá kàn òun.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló gún mi láyà. Mo jókòó láàárín wọn, wọ́n ń bó ẹ̀gẹ́ mi, mo sì ní ẹ̀gẹ́ tuntun nínú yàrá tí mo tì mọ́ wọn. Akọ̀wé kò sí nílé. Mo dìde, mo ní kí wọ́n tẹ̀ lé mi. Tọ̀bẹtọ̀bẹ ni wọ́n dìde. Ẹnìkan tilẹ̀ ti mú okùn tí yóò fi di tirẹ̀ dání.

Mo ṣílẹ̀kùn. Mo rí i lójú wọn, ohun tó mú èmi náà. Ìyàwó ọlọ́pàá ló kọ́kọ́ rí ẹnu sọ pé, "Ó mà lẹ́wà o." Ó na ọwọ́, ó di igi kan mú, ó ń fi ọ̀bẹ wọn ibi tí òun yóò ti gé e. Ìgbà náà ni ìyá Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ fi ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń dùn ún wọ́ dé ẹnu ọ̀nà. Kò wo ewé rárá. Òórùn ló gbọ́. Ó di férémù ilẹ̀kùn mú, ó sì rọra jókòó sílẹ̀.

Ó ní, "Ẹ má gé e. Ewé yìí ló gbé ọmọ mi lọ."

Gbogbo wa la mọ̀ pé ọmọ rẹ̀ wà lẹ́wọ̀n. Ìjà ilẹ̀ ló máa ń sọ pé ó gbé e lọ. Orí ilẹ̀ yàrá yẹn ló ti wá sọ fún wa pé àárín ẹ̀gẹ́ nínú oko ni ọmọ òun gbin nǹkan yìí sí, tí wọ́n fi wá kó o pẹ̀lú bàbá rẹ̀, tí bàbá kò sì padà wálé láàyè.

A kò mọ ìgbà tí gbogbo ojú yí sí ìyàwó ọlọ́pàá. Ọ̀bẹ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ń gbọ́ bí ìyá ọkọ mi ṣe ń hanrun nínú pálọ̀, mo sì ń rí i nínú ọkọ̀ ọlọ́pàá láìwọ bàtà. Mo kúnlẹ̀. Mo ní mo ti rò pé ẹ̀gẹ́ ni. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu ẹnìkan, ó yára fọwọ́ bò ó. Ìyàwó ọlọ́pàá wò mí títí. Ọmọdé ni lójú mi, ọjọ́ orí rẹ̀ kò tó ti àbúrò mi.

Ó ní, "Àárò ta ni lónìí?"

Mo ní tèmi ni.

Ó ní, "Ẹni tí àárò kàn ló ni iṣẹ́. Iṣẹ́ wo lẹ fẹ́ ká bá yín ṣe?"

Ẹkún ni mò ń sun. Ọ̀kan nínú wọn ní ká dáná sun ún. Ìyá Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ ní bí a bá dáná sun ún, gbogbo Ìjẹ̀bú-Òde ni yóò wá bèèrè ohun tí a ń sè. Nítorí náà a fà á tu. A já a wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ sínú agbọ̀n, a da èèpo ẹ̀gẹ́ bò ó, a kó o sínú kòtò ẹ̀yìn ilé, a sì da omi ẹ̀gẹ́ kíkan lé e lórí. Ìyá Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ náà já tirẹ̀, ó ń rọra já a bí ẹni tó ń tú irun òkú. Mi ò ní purọ́ fún yín, mo sọkún àwọn ewé yẹn pẹ̀lú. Títí di òní, mi ò tíì rí ohun tó hù dáadáa bẹ́ẹ̀.

A padà sídìí òkìtì, wọ́n sì bó ẹ̀gẹ́ mi lọ. Ibẹ̀ ni Akọ̀wé bá wa. Ó rí ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀, ó rí agolo rẹ̀ tí a ti fọ̀, tí a dojú wọn dé lójú oòrùn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e síwájú, kò gbé e sẹ́yìn. Gbogbo wọn kí i kú ọ̀sán bí wọ́n ti máa ń kí i. Ìyàwó ọlọ́pàá kò gbójú sókè nídìí iṣẹ́ rẹ̀.

"Akọ̀wé," ó ní, "ẹ̀gẹ́ tiyín kò ta. Ẹ jókòó, ká fi tiwa kọ́ yín."

Wọ́n fún un ní ọ̀bẹ. Ó jókòó láàárín àwọn obìnrin, ó ń bó ẹ̀gẹ́, ó sì gé ara rẹ̀ lọ́wọ́. Ìyá Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ fa etí ìró rẹ̀ ya, ó fi di ọgbẹ́ náà, ó sì di ọwọ́ yẹn mú fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn tó ti dì í tán. Akọ̀wé kò gbójú sókè. Nígbà tí ìyá ọkọ mi jí, tó fọwọ́ tọ́ ògiri jáde, ó fa imú, ó ní kí ló dé tí àgbàlá ń ta sánsán lónìí.

Fún ìgbà pípẹ́, bí mọ́tò bá ti fun fèrè lójú títì, ọkàn mi á fò. Mọ́tò kankan kò dúró. Àárò wá kan ìyàwó ọlọ́pàá, gbogbo wa sì lọ. Ìwọ̀nba ẹ̀gẹ́ tó ní kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ẹnì kọ̀ọ̀kan ti mú díẹ̀ wá látilé, ó sì di òkìtì. Ọkọ rẹ̀ bọ́ síta nínú kakí rẹ̀, ó kí wa pé a kú iṣẹ́, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Mi ò mọ̀ bóyá ó gbọ́ rí. Mi ò bi ìyàwó rẹ̀, òun náà kò sọ. Akọ̀wé padà rí iṣẹ́ olùkọ́ ní abúlé kan, ó sì di bàbá ọmọ. Ẹnu àwọn obìnrin yẹn, tó ń sọ gbogbo ọ̀rọ̀ inú Ìjẹ̀bú-Òde láti àárọ̀ dalẹ́, kò sọ èyí. Bí mo bá rò ó, ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí ju ti ewé tó ń yíjú sí dígí lọ.

Nígbà tí àwọn ọmọ mi dàgbà, tí wọ́n ń lọ gba yàrá ní ìlú tí a kò mọ ẹnikẹ́ni, mi ò kìlọ̀ igbó fún wọn. Wọ́n ń gbọ́ ìyẹn lórí rédíò. Ohun tí mo sọ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni pé, "Níbi tí ò ń lọ yẹn, wá àwọn tí ẹ ó jọ máa ṣe àárò. Tiwọn ni kó o kọ́kọ́ lọ bá wọn ṣe."