Ogójì Ìṣẹ́jú Lórí Adágún

Obìnrin tí ohùn rẹ̀ kì í ròkè ni Adétóun Ìbíkúnlé. Ọdún kẹrìnlá rèé tó ti ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Oak Cliff, níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ àwọn tí kíndìnrín wọn ti dáṣẹ́ sílẹ̀, kò sì sí ẹni tó gbọ́ ariwo rẹ̀ rí. Kì í ṣe pé kò lọ́rọ̀ lẹ́nu. Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìbàdàn dé Dallas, kò sí ọ̀rọ̀ tó sọ tí àwọn dókítà kì í ní kó tún sọ, nítorí ahọ́n rẹ̀ kò yí bíi tiwọn. Ó bá kọ́ bí a ṣe ń sọ díẹ̀, kí a sì gbé ìyókù mì.

Ìyá àgbà kan tó ń tọ́jú, Miss Jessica, ló dá ọ̀rọ̀ adágún sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni ìyá yìí máa ń jókòó ti ẹ̀rọ fún wákàtí mẹ́rin, ìtàn ló sì fi ń pa wákàtí náà. Ó ní nígbà tí ọkọ òun wà láyé, àwọn wọ ọkọ̀ ojú omi kékeré kan lórí adágún kan láàárín àwọn òkè Colorado. Omi náà mọ́ gaara débi pé èèyàn ń rí òkúta nísàlẹ̀ rẹ̀, yìnyín sì wà lórí òkè nínú oṣù keje.

“Ìwọ náà lọ wò ó,” ló wí, “nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ ṣì ń gbé ọ.”

Adétóun gbé ọ̀rọ̀ náà délé ní DeSoto. Ó kù díẹ̀ kí òun àti Fọláránmi, ọkọ rẹ̀, pé ọdún márùndínlọ́gbọ̀n tí wọ́n ti fẹ́ra. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá rìnrìn àjò, a jẹ́ pé ẹnì kan ń gbéyàwó, tàbí ẹnì kan kú, tàbí ìjọ ń ṣe àpéjọ ní Houston. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni Fọláránmi ń ṣe, láti inú yàrá kan nínú ilé. Ara rẹ̀ le, kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní oògùn.

“Omi tútù lórí òkè?” Ó rẹ́rìn-ín. “Ó dáa. Tìrẹ la ó ṣe lọ́tẹ̀ yìí.”

Michelle, ọmọ wọn kan ṣoṣo, tó jẹ́ ọmọ ogún ọdún tó sì ń kàwé ní yunifásítì Arlington, ní òun ò ní gbẹ́yìn.

Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi wakọ̀. Wọ́n sùn ní Amarillo, ilẹ̀ sì mọ́ tí wọ́n tún gbéra, títí ọ̀nà fi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ gun òkè, tí etí wọn ń dí tó ń là. Ìlú kékeré tí wọ́n dé sí ga ju ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ẹsẹ̀ bàtà lọ. Adétóun mọ̀ pé ibi gíga máa ń fọ́ni lórí. Ó ti di oògùn ẹ̀fọ́rí, ó sì ń fi omi lé wọn lọ́wọ́ ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú. Lójú tirẹ̀, kò sí ohun tó kù tí òun kò tíì rò.

Lọ́jọ́ kejì, ní aago mẹ́wàá àárọ̀, wọ́n sọ̀kalẹ̀ lọ sí èbúté. Fọláránmi ló gbé kúlà oúnjẹ lọ, láti ibi tí wọ́n gbé mọ́tò sí títí dé etí omi, ó gun àkàsọ̀ òkúta kan, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lórí ìkejì. Adétóun rí i pé ó dúró mí lẹ́ẹ̀mejì, àmọ́ gbogbo wọn ló ń mí bẹ́ẹ̀.

Èèyàn mẹ́rìnlá ni ọkọ̀ náà gbà. Ẹni tó ń wà á ń jẹ́ Ethan, ọkùnrin onírùngbọ̀n pupa kan tó ń yẹ́ gbogbo èèyàn sí. Ó fún oníkálukú ní ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, ó ní ogún ìṣẹ́jú làwọn máa fi lọ síbi omi tó ń já láti orí àpáta lódì kejì, ogún ìṣẹ́jú làwọn máa fi padà. Wọ́n gbéra. Omi náà dà bí ohun tí Miss Jessica sọ, àní ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Igi dúdú tò yí etí rẹ̀ ká, òkè ńlá ńlá sì dúró lẹ́yìn àwọn igi náà, funfun lórí. Adétóun, tí kì í yọ̀ fún ohun kékeré, rí i pé òun ń rẹ́rìn-ín láìsí ẹni tó sọ̀rọ̀.

Nígbà tí wọ́n dé ibi omi tó ń já, ó yọ fóònù kó lè ya ọkọ àti ọmọ rẹ̀ ní fọ́tò. Ojú fóònù yẹn ló ti rí i. Michelle ń rẹ́rìn-ín. Fọláránmi náà la ẹnu bí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kọjá sí ìhà òsì, ó di ibẹ̀ mú ṣinṣin.

Ó sọ fóònù kalẹ̀. “Dádì Michelle, kí ló ṣe yín?”

“Kò sí nǹkan kan. Ẹyin tí a jẹ láàárọ̀ ni. Afẹ́fẹ́ inú lásán ni.”

“Ó ti tó ìgbà wo?”

“Ṣẹ̀ṣẹ̀ ni.”

Afẹ́fẹ́ orí omi tutù débi pé gbogbo èèyàn ló fa súẹ́tà mọ́ra, òógùn sì ń yọ níwájú orí ọkọ rẹ̀. Ètè rẹ̀ ti ṣú bí eérú. Kó tó tún bi í léèrè, Fọláránmi dìde, ó tẹ̀ síwájú, ó sì bì sínú adágún náà. Nígbà tó fẹ́ padà jókòó, kò lè nàró mọ́. Ó ká sórí bẹ́ǹṣì, ó fa orúnkún mọ́ àyà.

“Mom, his lips look weird,” ni Michelle wí, ẹ̀rù sì ti bà á.

Ethan bojú wẹ̀yìn. “Òkè ni, mà. Ojoojúmọ́ la ń rí i. Ẹ fún wọn lómi díẹ̀, kí wọ́n máa wo ọ̀ọ́kán. Tí a bá dé èbúté, á ti lọ.”

Adétóun kúnlẹ̀, ó fi ìka kan ṣoṣo tẹ abẹ́ egungun ìhà òsì ọkọ rẹ̀, Fọláránmi sì ké bí ẹni tí iná jó. Ibẹ̀ kì í ṣe ibi tí afẹ́fẹ́ inú ń gbé. Kì í ṣe ọkàn. Kí ló wà níbẹ̀? Ọkàn rẹ̀ sáré padà lọ sí Ìbàdàn, sí ọ́fíìsì pásítọ̀ tó ní òun kò ní so wọ́n pọ̀ láìjẹ́ pé wọ́n mú èsì àyẹ̀wò jẹ́nótáìpù wá. Tirẹ̀ jẹ́ AA. Ti Fọláránmi jẹ́ AS. Tẹbí tọ̀rẹ́ ló yọ̀, pé àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde kò ní bá ọmọ wọn jà. Wọ́n ká ìwé náà sínú àpótí, ọ̀rọ̀ parí. Gbogbo ẹni tí Adétóun mọ̀ ló gbà pé ọjọ́ tí èèyàn bá ń wá ẹni tí yóò fẹ́ nìkan ni AS já mọ́ nǹkan kan.

Ṣùgbọ́n ìlà kan wà nínú ìwé tó fi múra ìdánwò nọ́ọ̀sì ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ìlà kan péré, tó kà nínú bọ́ọ̀sì lọ́nà ibi iṣẹ́, tó sì gbàgbé. Ẹni tó bá jẹ́ AS, tó gun ibi gíga tí ọ́síjìn ti fẹ́lẹ́, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè ká kọ́ bíi ti ẹni tó ní àìsàn náà gan-an, kó sì dí ọ̀nà mọ́ spleen, ẹ̀yà ara tó fara sin sábẹ́ egungun ìhà òsì. Spleen náà á bẹ̀rẹ̀ sí í kú.

Ara Adétóun tutù ju omi adágún lọ. Òun ló ní kí wọ́n wá síbí.

“Fọláránmi!” Láti ọdún márùndínlọ́gbọ̀n, kò fi orúkọ pè é rí, kò sì fi “o” bá a sọ̀rọ̀ rí. “Wò mí lójú. Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀? Má purọ́ fún mi!”

“Láti ìdájí,” ni Fọláránmi fi ohùn wẹ́lẹ́ sọ. “Mi ò fẹ́ ba ọjọ́ rẹ jẹ́.”

Adétóun dìde, ó rìn lọ bá Ethan. “Kì í ṣe àìsàn òkè lásán ló ń ṣe ọkọ mi. Ó nílò ọ́síjìn, ó sì nílò ilé ìwòsàn. Gba àárín omi kọjá, kí a tètè dé.”

Ethan nawọ́ sí iwájú. Nígbà tí wọ́n wà níbi omi tó ń já, afẹ́fẹ́ ti dìde láti àárín òkè méjì. Àárín adágún tó dákẹ́ bí dígí nígbà tí wọ́n ń bọ̀ ti ń hó, ìgbì funfun ń lé ara wọn. “Mi ò lè gba ibẹ̀, mà. Ọkọ̀ yìí kéré. Etí omi la máa tọ̀, ó sì lè gbà tó ogójì ìṣẹ́jú.”

“Ogójì ti pọ̀ jù!”

“Èèyàn mẹ́rìnlá ni mo gbé.”

Adétóun wo ìgbì náà, ó sì wo ìyá arúgbó kan tó di ọwọ́ ọkọ tirẹ̀ mú lẹ́yìn. Ó mọ̀ pé òótọ́ ni ọkùnrin náà ń sọ, òótọ́ yẹn sì korò lẹ́nu rẹ̀ bí ewúro. Ó yí ọ̀rọ̀ padà. “Ọ́síjìn ńkọ́? Ṣé ẹ ní?”

Ìgò kékeré kan wà nínú àpótí lábẹ́ ìjókòó. Nígbà tí Adétóun wo ojú òǹkà rẹ̀, ó ti lọ dé ìdajì.

“Pe èbúté lórí rédíò. Kí áńbúláǹsì ti dúró ká tó dé. Sọ fún wọn pé AS ni, sickle trait. Sọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́.” Ó sọ ọ́ sókè tí gbogbo ọkọ̀ fi gbọ́, Ethan kò sì ní kó tún un sọ.

Ó fi ìbomú náà bo imú ọkọ rẹ̀, ó ní kí Michelle jókòó sílẹ̀, kó gbé orí bàbá rẹ̀ lé itan, kó má sì jẹ́ kó sùn. Ìgbì ń gbá ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, omi ń ta lé wọn lára, ó tutù bíi yìnyín. Ọwọ́ Adétóun kan wà lórí ìgò, ìkejì wà ní ọrùn ọwọ́ Fọláránmi, ó ń ka bí iṣan ṣe ń lù. Bó bá ṣí ìgò náà púpọ̀, á tán kí wọ́n tó dé. Bó bá sì dín in kù jù, kò ní tó o. Ó ń ṣí i díẹ̀, ó ń wo ètè ọkọ rẹ̀, ó ń dín in kù díẹ̀. Kò rántí àdúrà kankan tó délẹ̀. “Jésù, jọ̀ọ́” nìkan ló ń sọ, léraléra. Michelle ń bi bàbá rẹ̀ ní orúkọ gbogbo ẹni tí wọ́n jọ gbé ilé ní ìgbà èwe rẹ̀, bàbá náà ń dáhùn níkọ̀ọ̀kan. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ kan lẹ́ẹ̀mejì.

Ìgò náà tán nígbà tí èbúté ti hàn kedere. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́fà tí kò sí nǹkan kan nínú ìbomú náà, tí Adétóun kò yọ ọ́, tí kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Áńbúláǹsì ti dúró. Ní ilé ìwòsàn kékeré ìlú náà, dókítà ọ̀dọ́bìnrin kan tẹ Fọláránmi nínú, ó ní ó jọ òkúta inú kíndìnrín. Yóò fún un ní oògùn ìrora, kí wọ́n padà lọ sinmi nílé tí wọ́n dé sí.

“Rárá,” ni Adétóun wí. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ya àwòrán spleen rẹ̀. Sickle trait ló ní.”

“Trait kì í dá wàhálà sílẹ̀, mà.”

“Ní ibi gíga, ó lè dá a sílẹ̀. Ẹ lọ wò ó nínú ìwé. Mo dúró.”

Dókítà náà jáde. Ó fẹ́ẹ̀ tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tó padà wọlé, ó sì ti ń yára rìn. Wọ́n ya àwòrán. Ìdá kan nínú mẹ́ta spleen náà ni ẹ̀jẹ̀ kò dé mọ́. Ó ní kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní ìsàlẹ̀ òkè lójú ẹsẹ̀. “Ká ní ẹ ti mú un padà lọ sùn ni,” ló wí, kò sì parí rẹ̀.

Ẹnì kan ṣoṣo ló lè bá aláìsàn wọ áńbúláǹsì. Mọ́tò wọn sì wà ní èbúté. Michelle, tí kò wakọ̀ rí lórí ọ̀nà tí ọ̀gbun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, na ọwọ́ gba kọ́kọ́rọ́. “I got it, Mom. Go.” Fún wákàtí mẹ́ta, fóònù ọmọ náà kò wọlé. Adétóun jókòó láàárín ọkọ tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì àti ọmọ tó wà lójú ọ̀nà, kò mọ èwo ni kó sunkún lé lórí. Nígbà tí Michelle yọ lẹ́nu ọ̀nà, ó ní wákàtí kan gbáko lòun fi tẹ̀ lé ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ń rìn bí ìgbín, nítorí ẹ̀rù ba òun láti kọjá lára rẹ̀.

Ọjọ́ márùn-ún ni Fọláránmi lò níbẹ̀. Wọn kò yọ spleen náà. Lọ́jọ́ kejì, tí ìrora rọlẹ̀, ni ìbínú Adétóun ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. “Láti ìdájí! O gbé kúlà gun àkàsọ̀ pẹ̀lú ìrora yẹn! Ta ló ní kí o fi ẹ̀mí rẹ ra ẹ̀rín fún mi?” Ọkọ rẹ̀ kàn nawọ́ sí i, ó pẹ́ díẹ̀ kí Adétóun tó di ọwọ́ náà mú.

Lójú ọ̀nà Texas, Michelle ló ń wakọ̀, bàbá rẹ̀ ń tòògbé lẹ́yìn. Ó ṣe díẹ̀, ó ní, “Mom, so what am I?”

Adétóun mọ̀ ọ́n. Wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà wò nígbà tí wọ́n bí i sí Dallas, lẹ́tà sì wá sílé. “AS ni ọ́. Bíi dádì rẹ.”

“And nobody told me?”

“A fẹ́ sọ fún ọ nígbà tí o bá mú ọkọ wálé.”

Michelle sọ pé òun àti àwọn ọ̀rẹ́ òun ti ń múra láti lọ fi pátákó yọ̀ sọ̀kalẹ̀ lórí òkè yìnyín, ní Colorado kan náà, nínú oṣù kìíní. Láti ẹ̀yìn, wọ́n gbọ́ ohùn Fọláránmi, tí wọ́n rò pé ó ti sùn: “Ẹ̀bi wa ni, Michelle. Má bínú.”

Ọmọ náà wakọ̀ lọ díẹ̀, ó yà sí ibi tí wọ́n ti ń ta epo, ó sì pa mọ́tò. Ó fi kọ́kọ́rọ́ lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́, ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó jókòó ti bàbá rẹ̀. Adétóun rọ epo kún, ó jókòó sídìí ọkọ̀, ó sì dojú kọ Dallas.