Ọ̀gá Lẹ́ńsì Ya Fọ́tò fún Ìyá Rẹ̀

Kò sí ẹni tó ń pè é lórúkọ mọ́ níbi iṣẹ́. Ọ̀gá Lẹ́ńsì ni gbogbo wọn ń pè é, láti orí mánijà dé orí ẹni tó ń gbálẹ̀, òun náà a sì máa dáhùn bí ẹni pé oyè ni wọ́n fi í jẹ. Akọ̀wé ni ní ilé ìkẹ́rùsí bébà kan. Iṣẹ́ rẹ̀ ò ju kó ka páálí tó wọlé, kó ka páálí tó jáde, kó sì buwọ́ lùwé. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dúró tì í nígbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀, ọ̀rọ̀ páálí kọ́ lẹ máa gbọ́. Ẹ ó gbọ́ nípa lẹ́ńsì tó ń rí ọ̀ọ́kán, lẹ́ńsì tó ń rí ìtòsí, èyí tó wúwo bí odó, àti èyí tó fúyẹ́ àmọ́ tí igun fọ́tò rẹ̀ máa ń ṣú díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹnikẹ́ni ò bi í.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Kò sóhun tó burú nínú kí èèyàn fẹ́ràn fọ́tò. Ohun tó burú ni pé Ọ̀gá Lẹ́ńsì kì í ya fọ́tò, lẹ́ńsì ló ń yàn. Tó bá ra ọ̀kan, á gbé e lọ sẹ́yìnkùlé, á ya ògiri bíríkì ilé wọn. Ògiri yẹn, kò sí apá ibi tí kò tíì yà lára ẹ̀. Á wá jókòó ti kọ̀ǹpútà, á máa fẹ fọ́tò náà sí i títí bíríkì kan á fi tóbi ju orí òun fúnra rẹ̀ lọ, á máa wò ó bóyá ìlà tó wà láàárín bíríkì yìí àti èkejì ẹ̀ mọ́ kedere ní igun lọ́hùn-ún. Bí kò bá mọ́, lẹ́ńsì ti di pàǹtí nìyẹn. Á tà á ní ọ̀pọ̀, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá òmíràn.

Bó ṣe ń ṣe lẹ́ńsì náà ló ń ṣe àwọn ètò tí wọ́n fi ń tún fọ́tò ṣe lórí kọ̀ǹpútà. Ọ̀kan mọ àwọ̀ tò, àmọ́ ó ń falẹ̀. Òmíràn yára, àmọ́ ó ń sọ ara èèyàn di bí ọsàn tó pọ́n. Òmíràn tún ní bọ́tìnnì kan tó jẹ́ pé bí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́, ojú ọ̀run tó ṣú á di búlúù kíá. Gbogbo wọn ló kó sórí kọ̀ǹpútà, ó ń fi wọ́n wéra bí ẹni tó fẹ́ fi ọmọ fọ́kọ. Fọ́tò wo ló wá fi ń dán wọn wò? Ògiri bíríkì náà ni.

Télọ̀ ni ìyàwó rẹ̀, pálọ̀ ilé wọn ló fi ṣe ṣọ́ọ̀bù. Lọ́jọ́ kan tó ń ránṣọ lọ́wọ́, ó gbójú sókè wo ọkọ rẹ̀ tó ń ti ẹ̀yìnkùlé bọ̀ pẹ̀lú kámẹ́rà lọ́rùn.

"Olówó orí mi," ó wí, "ṣé kì í ṣe pé ẹ fẹ́ fi ògiri yìí ṣe ìyàwó kejì báyìí? Ìgbà wo lẹ máa ya ojú èèyàn?"

"Fọ́tò ojú èèyàn ní lẹ́ńsì tiẹ̀," ni ọkọ fèsì. "Mi ò tíì rà á."

Ibi tí nǹkan wà nìyẹn kí ọ̀rọ̀ ojú Màmá tó dé. Màmá ni ìyá tó bí Ọ̀gá Lẹ́ńsì, ọ̀dọ̀ wọn ló ń gbé. Ilé ìtẹ̀wé ló ti ṣiṣẹ́ jẹun nígbà tó wà lọ́mọge títí tó fi darúgbó, àwọn lẹ́tà kéékèèké onírin ló ń tò ní ìlà kí wọ́n tó tẹ̀ wọ́n sórí bébà, iṣẹ́ yẹn ló sì fi tọ́ ọmọ márùn-ún. Nísinsìnyí, dókítà ti wo ojú náà, ó ní ó ń kú lọ díẹ̀díẹ̀. Oògùn tí wọ́n ń kán sí i kàn lè dá a dúró fúngbà díẹ̀ ni, èyí tó bá ti lọ ò ní padà, ojú èèyàn ni yóò sì kọ́kọ́ ṣòro fún un láti rí. Màmá ò sunkún. Ohun kan ṣoṣo ló béèrè.

"Mo fẹ́ rí gbogbo yín lójú kan," ó wí. "Ẹ kóra jọ, kí ẹ ya fọ́tò kan, kí ẹ ṣe é kó tóbi, kí ẹ gbé e kọ́ síbi tí mo ti lè máa wò ó láràárọ̀. Tí mo bá wò ó dáadáa, ojú yín á ti wọ̀ mí lórí kí òkùnkùn tó dé."

Àwọn ọmọ ò tíì jọ pé jọ láti ìgbà tí wọ́n ti sin bàbá wọn. Àkọ́bí ń ṣe wẹ́dà nínú ọkọ̀ ojú omi, ó lè lo ọdún kan gbáko lórí omi kó tó délé. Àwọn tó kù náà fọ́n ká. Nígbà tí wọ́n wá rí ọjọ́ Sunday kan tó bá gbogbo wọn lára mu, àkọ́bí sọ lórí fóònù pé kí wọ́n háyà onífọ́tò gidi. Ọ̀gá Lẹ́ńsì fò fẹ̀rẹ̀.

"Onífọ́tò wo? Kí lẹ ò ṣe mọ̀ pé onífọ́tò wà nílé?"

"Àbúrò, mo mọ̀ pé o ní kámẹ́rà," ni ẹ̀gbọ́n wí. "Àmọ́ fọ́tò tó o ti fi ránṣẹ́ sí mi, ògiri ni gbogbo ẹ̀."

Màmá ló parí ìjà náà. Ó ní ọmọ òun ní kámẹ́rà, ọmọ òun ló máa yà á. Ọ̀rọ̀ yìí wọ Ọ̀gá Lẹ́ńsì lára. Ìyá rẹ̀ nìkan ló gbà á gbọ́ nínú gbogbo ayé, ó sì yẹ kó ti fi ìyẹn sọ́kàn kó mú kámẹ́rà kó máa fi ojú èèyàn kọ́ṣẹ́. Ẹ jẹ́ mọ̀ pé kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá. Lẹ́ńsì tuntun ló tún ń wá kiri, ó ń wo fídíò àwọn tó ń yìn ín àti àwọn tó ń bú u, títí tó fi ra ọ̀kan nígbà tí Sunday náà ti kù fẹ́ẹ́rẹ́.

Àwọn lẹ́ńsì kan wà tó lè la ojú gbàǹgbà. Bí wọ́n bá là á tán, ohun kan ṣoṣo tí wọ́n tẹjú mọ́ ló máa hàn kedere. Ohun tó wà níwájú rẹ̀ àti èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á di kùrukùru. Àwọn tó fẹ́ràn ẹ̀ ní kùrukùru yẹn gan-an lẹwà. Ó dáa fún ẹni kan tó dá dúró. Bí èèyàn bá pọ̀, ṣe ni wọ́n máa ń pa ojú ẹ̀ dé díẹ̀ kó lè mú gbogbo wọn. Ọ̀gá Lẹ́ńsì mọ èyí lámọ̀dunjú. Ó ti fi kọ́ àwọn awakọ̀ tó ń gbé bébà lẹ́kọ̀ọ́ lọ́pọ̀ ìgbà, àwọn tí kò ní kámẹ́rà, tí oorun sì ń kùn wọ́n.

Ọjọ́ Sunday pé. Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ti fẹ́ ya fọ́tò, níwájú ògiri tí ẹ ti mọ̀ bí ẹni mọ owó. Màmá ní òun ò ní wọ inú ẹ̀, òun mọ bí ojú òun ṣe rí. Ó tún ní kí ọmọ òun onífọ́tò má ṣèyọnu láti wọ inú ẹ̀, torí òun ń rí tiẹ̀ lójoojúmọ́. Àwọn mẹ́rin yòókù ni òun ń wá. Àkọ́bí àti ẹ̀gbọ́n obìnrin dúró sẹ́yìn, àwọn àbúrò méjì jókòó síwájú wọn. Àbígbẹ̀yìn mú àfẹ́sọ́nà ẹ̀ wá, ọ̀dọ́kùnrin onírunmú kan tí Màmá ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ẹnikẹ́ni ò pè é sí fọ́tò, àmọ́ kí wọ́n tó ṣẹ́jú, ó ti lóṣòó síwájú gbogbo wọn, ó ń rẹ́rìn-ín bí àna tó ti san owó orí.

Ẹ̀gbọ́n obìnrin na fóònù ẹ̀ sí ìyàwó Ọ̀gá Lẹ́ńsì pé kó bá àwọn fi ya ọ̀kan.

"Ẹ kó fóònù yín kúrò níbí!" ni Ọ̀gá Lẹ́ńsì ké. "Kámẹ́rà kan ni kí ẹ wò. Mi ò fẹ́ kí ojú yín máa rìn kiri."

Ó gbé kámẹ́rà sójú. Ó rántí pé ó yẹ kí òun pa ojú lẹ́ńsì dé díẹ̀. Ó rántí rẹ̀ dáadáa o, kó má bàa sí ẹni tó máa sọ pé ó gbàgbé. Àmọ́ ta ló ń ra bàtà tuntun tó ń gbé e sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì lọ́jọ́ òde? Torí kùrukùru tó rẹwà yẹn ló ṣe rà á. Ó la ojú lẹ́ńsì dé ibi tó lè là dé. Ó tẹ̀ ẹ́, ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó wá wo gíláàsì kékeré tó wà lẹ́yìn kámẹ́rà, ó fẹ ojú ẹni tó sún mọ́ ọn jù lọ, ó sì rí irunmú àfẹ́sọ́nà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

"Ó ti wọlé!" ó wí. "Ẹ̀yin náà ẹ wò ó! Irun wo ni ẹ ò lè rí níbẹ̀?"

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, wọ́n jẹun, wọ́n tú ká. Ní ọjọ́ kejì, àkọ́bí ti wà lórí omi.

Ìgbà tí Ọ̀gá Lẹ́ńsì ṣí fọ́tò náà lórí kọ̀ǹpútà ló tó rí ohun tó ṣe. Àfẹ́sọ́nà mọ́ kedere, títí kan ibi tí abẹ gé e nígbà tó ń fá àgbọ̀n. Àwọn ọmọ Màmá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin di kùrukùru. Àkọ́bí rí bíi búrẹ́dì tó bọ́ sómi. Gbogbo èyí tó yà pátá ló rí bákan náà.

Ó sá tọ àwọn ètò orí kọ̀ǹpútà rẹ̀ lọ. Ọ̀kan nínú wọn ní bọ́tìnnì tó máa ń wá ojú tó ti ṣú rí, á sì tún un ṣe. Ó tẹ̀ ẹ́. Ètò náà fún àkọ́bí ní eyín funfun báláú tí ẹnikẹ́ni ò rí lẹ́nu ẹ̀ rí, ó sì gbé ojú ẹni tó ń polówó ọṣẹ lé ẹ̀gbọ́n obìnrin lọ́rùn. Ìyàwó rẹ̀ wá dúró lẹ́yìn rẹ̀.

"Ta nìyí?" ó bi í.

"Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni."

"Ẹ̀gbọ́n yín láti ibo?" Ìyàwó fa àga, ó jókòó tì í. "Olówó orí mi, ẹ pè wọ́n. Ẹ sọ òtítọ́ fún wọn. Àwọn tó wà nítòsí á tún wá, ẹ̀gbọ́n yín náà á wá àyè tó bá gbọ́ pé torí Màmá ni. Wọn ò ní jẹ yín."

"Kí n wá sọ pé kí ni? Lẹ́yìn gbogbo ẹnu tí mo ti fọ́n?" Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Ojú Màmá ò kúkú ríran dáadáa mọ́. Ta ló máa mọ̀?"

Ìyàwó wò ó, ó dìde, ó padà sídìí máṣíìnì rẹ̀. Inú ń bí i débi pé òwú ń já mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọ̀gá Lẹ́ńsì ní tiẹ̀ gé àfẹ́sọ́nà kúrò nínú fọ́tò náà, torí ojú kan ṣoṣo tó mọ́ yẹn ló máa tú àṣírí àwọn tó kù. Iṣẹ́ yẹn, ó mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa, kò sí ẹni tó máa mọ̀ pé ẹnì kan lóṣòó síbẹ̀ rí. Ó ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní ńlá, ó fi sínú fírémù onígi.

Àárọ̀ ló gbé e kọ́ ní pálọ̀, ní ìdojúkọ fèrèsé, ìyàwó rẹ̀ ń ránṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Màmá ti wẹ̀, ó ti wọṣọ tó dáa, bí ẹni tó ń retí àlejò. Ó sún mọ́ fọ́tò náà. Ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó fi etí aṣọ nù ún, ó tún un wọ̀. Ó sún mọ́ ọn títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan dígí fírémù.

"Ẹ bá mi ṣí fèrèsé," ó wí.

"Ó wà ní ṣíṣí, Màmá," ni ìyàwó dáhùn.

"Ta ló wà lẹ́yìn, lápá ọ̀tún yìí?"

"Àkọ́bí yín ni," ni Ọ̀gá Lẹ́ńsì wí.

Màmá fọwọ́ ba fọ́tò náà, ó sún sẹ́yìn, ó wá àga, ó jókòó. "Ó ti tán nìyẹn," ó wí. "Dókítà ní ojú èèyàn ló máa kọ́kọ́ lọ. Mo rò pé ó máa dúró dè mí díẹ̀. Àwọn ọmọ mi dé gbogbo ibi tí wọ́n ti wá, ojú mi ò sì dúró dè wọ́n." Ó wá sunkún, èyí tí kò sun lọ́dọ̀ dókítà.

Ọ̀gá Lẹ́ńsì dúró, òòlù tó fi kan ìṣó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti dá máṣíìnì dúró. Ojú lásán ló fi ń wò ó, ó ń fún un láyè. Ọ̀rọ̀ kékeré ló kù tó yẹ kó sọ, kò sì ju kó la ẹnu lọ.

"Ẹ ṣáà máa kán oògùn yín déédéé, Màmá," ó wí.

Ẹ gbọ́ ohun tó ti ẹnu ọmọ tí wọ́n bí jáde! Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Ìyàwó rẹ̀ ò tún lè jókòó. Ó dìde, ó lọ dúró gẹ́gẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fírémù náà.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wò mí láti ibi tí ẹ jókòó sí yẹn. Kí lẹ rí?"

Màmá nu ojú, ó wò ó. "Mo rí ẹ, ìyàwó mi. Òwú pupa kan lẹ̀ mọ́ ọ lọ́rùn aṣọ. Inú sì ń bí ẹ, o ń géètè jẹ."

Ó wo ìyàwó, ó wo fọ́tò, ó tún wo ìyàwó. Obìnrin tó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣiṣẹ́ ní ilé ìtẹ̀wé kì í pẹ́ mọ ohun tí wọ́n tẹ̀ tí kò dáa. Ó wá yíjú sí ọmọ rẹ̀, ó sì rí i kedere, bó ṣe ń làágùn níwájú orí àti bó ṣe gbé ojú sá.

"O fẹ́ kí n fọ́jú," ó wí, kò sì pariwo, "kí kámẹ́rà rẹ má bàa jẹ̀bi."