Èso Tí A Sin ní Orúkọ Odera

Ọ̀sán ni Odera dé. Ìyá rẹ̀, Apondi, ń sá omena sórí àwọ̀n àtijọ́, àwọn ẹja kéékèèké tó ń dán bí abẹ́rẹ́ nínú oòrùn. Ẹnìkan kí i láti ẹnu géètì. Kò gbójú sókè. Ó ní kí onítọ̀hún wọlé wá jókòó, ọwọ́ òun dí díẹ̀. Onítọ̀hún kò wọlé.

"Mama, èmi ni."

Ọdún mẹ́sàn-án. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ló lọ, ó padà tòun ti irùngbọ̀n. Àmọ́ àpá iná wà ní ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀, omi gbígbóná tí Apondi fúnra rẹ̀ ṣèèṣì dà sí i lára nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́. Ta ló tún lè ní irú àpá yẹn?

Ó sáré. Ó kù díẹ̀ kó dì mọ́ ọn kó tó rántí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró.

Ibojì kan wà ní apá òsì ilé rẹ̀. Odera ni wọ́n sin síbẹ̀.

Ẹni tó bá sọnù tí a kò rí òkú rẹ̀, yago là ń ká fún un, èso pàǹdòrò tó gùn bí apá, tó wúwo bí ìkókó. A ó wọ̀ ọ́ láṣọ. A ó fi orúkọ ẹni náà pè é, a ó sunkún, a ó sin ín. Obura, ọkọ Apondi, kò gbà. Ìgbàkígbà tí Nyangweso, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, bá dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, á ní kí wọ́n lọ fi yago wọn se àgbo, ọmọ òun ń bọ̀. Ohun tó ń sọ nìyẹn títí ó fi kú.

Lọ́dún kejì ikú rẹ̀, Oluoch, àbúrò Odera, fẹ́ gbéyàwó. Ọmọbìnrin náà ti lóyún. Àbúrò kì í sì kọ́lé ṣáájú ẹ̀gbọ́n, kì í gbéyàwó ṣáájú rẹ̀, àfi tí ẹ̀gbọ́n bá ti kú. Nyangweso wá bá Apondi. "Ìyàwó," ó ní, "ṣé alààyè ni kó máa dúró de òkú?"

Apondi tọrọ ọjọ́ kan. Wọ́n fún un. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ní kí wọ́n sin ín. Kò sẹ́ni tó fipá mú un. Òun ló tilẹ̀ mú aṣọ tí wọ́n fi wé yago náà wá. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó pè é ní Ìyá Odera mọ́. Ìyá Oluoch.

Lọ́sàn-án tí Odera dé yìí, Apondi gbé àpótí ìjókòó jáde fún un síta, lábẹ́ igi tó wà lẹ́yìn ọgbà. Ó gbé ọkà àgbàdo àti ẹja tọ̀ ọ́ lọ síbẹ̀. Odera jẹun. Ó rò pé bóyá wọ́n fẹ́ kọ́kọ́ pa àgùntàn kan kí òun tó wọlé ni. Ó ń sọ bí òun ṣe wọ ọkọ̀ ojú omi àwọn oníṣòwò láìdágbére fún ẹnikẹ́ni, bí wọ́n ṣe gbé òun dé erékùṣù kan lódìkejì adágún, bí ọdún kan ṣe ń di òmíràn.

Nyamalo, orogún Apondi, dúró sínú ọgbà, ó ń wò ó.

"Òkú tí Jésù jí dìde kò jẹun tó báyìí," ó ní.

Odera rẹ́rìn-ín. "Òkú wo, Mama Kékeré?"

Nyamalo wọlé lọ.

Nyangweso ni wọ́n ránṣẹ́ pè. Arúgbó náà kọ́kọ́ di ọwọ́ Odera mú, ó sunkún, kò tijú. Lẹ́yìn náà ló sọ ọ́. Wọ́n ti fi í fún ilẹ̀, ilẹ̀ sì ti gbà á. Ẹni tí agbo ilé bá ti ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ gba géètì wọ agbo ilé náà mọ́, ikú ló máa ń tẹ̀ lé e wọlé. Oluoch sì ti ní ọmọ méjì. Wọ́n máa gé ilẹ̀ fún Odera lódìkejì odò.

Oluoch dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀, ó gbé ọmọ dání. Kò wá, kò sì wọlé.

Odera gbé àwo kalẹ̀. "Ṣé bàbá mi ló ní kí wọ́n sin mí?"

Nyangweso wo ilẹ̀. Apondi rí i pé ó fẹ́ gbà pé Obura ni. Òkú kì í já ẹnikẹ́ni nírọ́. Ọ̀nà là níwájú rẹ̀ gbayawu, kó ṣá ti dákẹ́.

"Èmi ni," Apondi ní. "Bàbá rẹ kò gbà títí ó fi kú. Èmi ni mo ní kí wọ́n sin ọ́."

Odera yíjú sí i. "Ọdún wo?"

"Ọdún kẹfà tí o ti lọ."

"Mo padà dé ìlú Kisumu lọ́dún kẹta, ó ku díẹ̀ kí n délé. Ibùdókọ̀ ni mo wà látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ojú tì mí, mo padà."

Ọdún kẹta. Obura ṣì wà láyé. Ó máa ń jókòó sẹ́nu géètì nígbà náà, tó bá ti jẹun alẹ́ tán. Apondi kò sọ ọ́. Ó kó àwo.

Kí oṣù tó parí, ilé ti dúró lódìkejì odò. Oluoch ló bò ó ní páànù. Apondi máa ń gbé oúnjẹ lọ lójoojúmọ́, ó sì máa ń padà kí oòrùn tó wọ̀, ìyá kì í sùn nílé ọmọ rẹ̀ ọkùnrin.

Lọ́jọ́ kan, Odera tẹ̀ lé e wá. Ó ní òun fẹ́ kí bàbá òun. Apá ọ̀tún ilé ni wọ́n sin Obura sí, inú ọgbà. Wọ́n rìn yí ọgbà ká títí wọ́n fi rí ibi tí ọgbà náà ti fẹ́lẹ́, tí ojú lè ríran kọjá. Odera dúró níta. Apondi wọlé, ó lọ dúró sórí ilẹ̀ pupa ibojì Obura, ó na ọwọ́ sókè, kí ọmọ rẹ̀ lè mọ ibi tó máa wò.