Ìyá Tó Ru Iṣu Kọjá Nínú Fíìmù Mi

Òórùn òróró ẹ̀rọ ìránṣọ kò tíì kúrò nímú mi títí dòní. Fìlà ni bàbá mi ń rán ní Ọ̀rányàn, tí wọ́n ń tà ní Ọjà'ba, wọ́n sì fẹ́ kí n jogún iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà ni ọkàn mi fà sí. Mo bẹ̀ wọ́n títí, wọ́n ní kí n lọ ya fíìmù kan ṣoṣo wá. Bí ó bá tẹ́ àwọn lọ́rùn, àwọn yóò fi mí sílẹ̀. Bí kò bá tẹ́ àwọn lọ́rùn, kí n wá jókòó ti ẹ̀rọ.

Mo bá wá ohun tí yóò dẹ́rù bani. Òkè olókùúta kan wà lápá Òkè-Ògùn tí wọ́n ní ó ti pa ènìyàn rí. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi gùn ún, òun ló di kámẹ́rà mú. Mo dé akoto tí mo yá lọ́wọ́ ọlọ́kadà, mo so okùn mọ́ ìdí, bẹ́ẹ̀ orí kejì okùn náà kò so mọ́ ibì kankan. Mo ń mí hẹlẹhẹlẹ, mo ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń dágbére fáyé.

Ọjọ́ tí a wò ó, a ta aṣọ funfun mọ́ ògiri àgbàlá, gbogbo agboolé péjọ. Níbi tí mo ti dì mọ́ òkúta, tí mo ń sọ pé ìṣísẹ̀ kan ló kù láàárín èmi àti ikú, ìyá arúgbó kan yọ lẹ́yìn mi. Wọ́n wọ sílípáàsì, wọ́n ru agbọ̀n iṣu, wọ́n rọra gba ẹ̀gbẹ́ mi sọ̀ kalẹ̀ lọ. Wọ́n tilẹ̀ kí mi kú iṣẹ́. Mo ti rí wọn nígbà tí mo ń gé fíìmù náà, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni mo ti dára jù lójú ara mi, mo sì rò pé èmi nìkan ni wọn yóò máa wò. Ni ilé bá bú sẹ́rìn-ín. Àwọn ìyàwó ilé ń kígbe mọ́ ògiri pé, "Ẹ kú ẹrù o, ìyá!" Ojú gbà mí tì.

Bàbá mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Ìyá yẹn, ṣé o gba ẹrù lórí wọn?"

"Rárá, Bàbá. À ń ya fíìmù lọ́wọ́ ni."

"Àgbàlagbà ru iṣu kọjá lára rẹ, o ń ya ara rẹ?" Wọ́n dìde. "Fíìmù yẹn ò tíì parí."

Mo padà lọ sí òkè náà láì mú kámẹ́rà dání, mo dúró títí ìyá náà fi tún ru iṣu dé. Mo gba agbọ̀n lórí wọn, mo ń rù ú sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo sinmi. Níbì kan ẹsẹ̀ mi yọ̀, ẹ̀rù tòótọ́ sì bà mí. Ìyá di apá mi mú. "Pẹ̀lẹ́, ọkọ mi. Ṣé kí n gbà á padà ni?"

Nígbà tí mo délé, ọrùn mi ò ṣeé yí. Bàbá mi wò mí, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n fa fìlà kan yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ. "Gbà, máa dé e. Oòrùn orí òkè mú." Mo mọ̀ pé wọ́n ti fi mí sílẹ̀ nìyẹn, mo sì sunkún bí ọmọdé.

Fìlà náà ti gbó, ó ṣì wà nínú báàgì kámẹ́rà mi. Àwọn ènìyàn máa ń béèrè ìdí tí àwọn fíìmù mi fi kúrú tó bẹ́ẹ̀. Bí àgbàlagbà bá ti ru ẹrù dé ibi tí mo ti ń ya fíìmù, kámẹ́rà ni mo kọ́kọ́ ń gbé kalẹ̀, kí n tó gba ẹrù lórí wọn.